Sí ẹ̀yin dókítà tó ni ilé ìwòsàn aládàáni: ẹ má pe ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì ní nọ́ọ̀sì mọ́

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìwòsàn aládàáni láti Ìbàdàn dé Ìkòròdú, láti Òṣogbo dé Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Nọ́ọ̀sì ni mí, agbẹ̀bí sì ni mí pẹ̀lú, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí. Mo lè kọ ọ́ sí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera tàbí sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lè fòpin sí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìdúró de òfin tuntun kankan. Ọ̀rọ̀ náà kò díjú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn yín, ẹni tí aláìsàn ń pè ní nọ́ọ̀sì, tó wọ aṣọ funfun, tó ń gún un lábẹ́rẹ́, tó ń gbẹ̀bí rẹ̀ lóru, kò wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rí. Ẹ̀yin mọ̀. Òun náà mọ̀. Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kó mọ̀.

N kò sọ pé ìkà ni yín. Mo mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín lóṣù. Mo mọ̀ pé aláìsàn máa ń gbádùn tán kó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ láìsanwó. Mo mọ̀ pé àdúgbò púpọ̀ wà tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe yàrá mẹ́ta tí dókítà kan háyà tó sì kun lẹ́fun ni, ẹni tí àìsàn bá mú lóru ibẹ̀ kò ní rí ibi gbé e lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ilé yín ni àwọn ará àdúgbò máa ń sá lọ bá, wọ́n sì gbà pé gbogbo ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ níbẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ náà.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Bébà kan á wà lára ògiri lẹ́nu géètì: a ń gba auxiliary nurse, fọ́ọ̀mù wà nínú. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì WAEC, tí JAMB kò bọ́ sí i tàbí tí owó ilé ìwé gíga kò sí, á wá gbà á. Ìyá rẹ̀ á san owó ìkọ́ṣẹ́, á ra aṣọ funfun méjì, á ra bàtà àti fìlà. Ọmọ á kọ́kọ́ máa gbálẹ̀, á máa fọ irinṣẹ́, á máa wo bí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń gún abẹ́rẹ́, títí wọ́n á fi ní kó gún tirẹ̀ náà. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ́ ọ, lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú òun náà. Tó bá pé ọdún kan tàbí méjì, wọ́n á dá ankara, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á fún un ní sátífíkéètì tí òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo àdúgbò á máa pè é ní Anti Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tó mọ sátífíkéètì náà ní ìwé gidi ni èyí tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Òfin tó dá Nursing and Midwifery Council of Nigeria sílẹ̀ bó ṣe wà lónìí ti wà láti ọdún 1979. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin náà kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé Council máa pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí àwa lọ, ọdún 3 gbáko ni. Àwọn tó gba yunifásítì lọ ń lo ọdún 5. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò Council, níbi tí ẹni tó dára jù nínú kíláàsì ti lè kùnà. Ẹni tó bá yege á gba nọ́ńbà, á gba láísẹ́ǹsì, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ máa tún láísẹ́ǹsì náà ṣe, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ní Council tiyín. Ẹ mọ ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹnì kan tó kàn wo iṣẹ́ abẹ fún ọdún méjì bá gbé pátákó dókítà síwájú ilé rẹ̀. Ẹ ò ní dákẹ́, ó sì yẹ kí ẹ má dákẹ́.

Kofoworola Abeni Pratt ti jẹ́ olùkọ́ kó tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó padà wálé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù àgbà ní UCH Ìbàdàn. Kí òun tó dé ipò yẹn, òyìnbó ló ń wà níbẹ̀, nítorí wọn kò gbà pé obìnrin aláwọ̀ dúdú tó iṣẹ́ náà ṣe. Ìwé àti ìdánwò ni ìran rẹ̀ fi já ọ̀nà fún wa. Ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìlú kan náà yìí ni mo ti ń rí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú aboyún mẹ́ta láti alẹ́ dòwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà tí ẹni tó ń wòran kò lè rí kọ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ mú gìrì aboyún. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tó bẹ́ẹ̀ tí gìrì fi gbé e, magnesium sulphate la máa ń sáré fún un, oògùn náà sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ìyá là. Lẹ́yìn ìwọ̀n àkọ́kọ́, a tún máa ń gún un ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ọmọ tó wo ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́ lè mọ ìyẹn: wákàtí mẹ́rin pé, fa oògùn sínú síríǹjì, gún un. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kó tó fọwọ́ kan síríǹjì rárá. Nọ́ọ̀sì á dúró ti obìnrin náà, á ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 16. Á kan orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ á ta. Á wo àpò ìtọ̀, kó rí i pé èyí tó jáde láti wákàtí mẹ́rin sẹ́yìn kò dín ní mílílítà 30 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá pé, kò ní gún un. Kíndìnrín ló ń gbé oògùn náà jáde kúrò lára. Bí ìtọ̀ bá dúró, ńṣe ni oògùn á máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Orúnkún á kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni èémí á dákẹ́. Calcium gluconate sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, nítorí òun ló ń pa agbára magnesium náà. Ẹni tí kò mọ èyí á gún abẹ́rẹ́ tó pé wákàtí, á lọ jókòó, inú rẹ̀ á dùn pé aláìsàn ti ń sùn.

Ẹ tún mú oxytocin. Inú fíríìjì ló yẹ kó máa gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá pẹ́ nínú ooru tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bìkítà, oògùn tí agbára rẹ̀ ti dín kù lẹ máa gún fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Yúnítì 10 là ń gún fún ìyá lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, kí ilé ọmọ lè sún kì kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá ń rí i pé wọ́n ń gún un nígbà tí ọmọ kò tíì jáde, tàbí kí wọ́n da púpọ̀ sínú omi dírìpù kí ìrọbí lè yá, láìwo bí ilé ọmọ ṣe ṣí sí, láìbéèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà rí, láìka iye ìgbà tí inú ń sún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé ọmọ á sì ya. Ìrora tó ń mú obìnrin náà pariwo á dáwọ́ dúró lójijì, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé ara ti tù ú. Àwa mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn jẹ́, wọ́n sì kọ́ wa kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ti ọmọdé wá ńkọ́? Ẹ lọ bi àwọn físíò, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún lo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí, wọ́n á fi ọmọ hàn yín tí abẹ́rẹ́ ìdí ti bá iṣan tó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́. Ọmọ ń rìn lọ́jọ́ Ajé, ibà mú un, wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹsẹ̀ kan rọ, ìka ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ilé á máa sọ pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, tàbí pé ayé ló mú un. Nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé iwájú itan, sí ẹ̀gbẹ́ òde, ni ibi tó yẹ kí ó ti gún ìkókó. Ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ibà tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ sí, oògùn ẹnu ti tó o.

Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe ìṣirò ikú àwọn ìyá ti ọdún 2020, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan, iye rẹ̀ sì tó 82,000. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. N kò sọ pé àwọn auxiliary ló pa wọ́n. Ọ̀nà tí kò dára, owó tí kò sí, ẹ̀jẹ̀ tí kò sí ní báńkì ẹ̀jẹ̀, ìjọba tí kò tọ́jú ilé ìwòsàn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ikú sún mọ́ tó báyìí, a kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ bo ojú ẹni tó fẹ́ mọ ọwọ́ tí òun wà.

Nígbà tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wa láago méjì òru, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń béèrè ni ohun tí wọ́n ti fún un. Èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, “Nọ́ọ̀sì gún un ní abẹ́rẹ́ kan.” Abẹ́rẹ́ wo? Aago mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó? Kò sí ìwé. Tí ìwé bá sì wà, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ kọ ipò rẹ̀, ipò wo ni ọmọ yẹn fẹ́ kọ? Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìmọ iye oògùn tó wà nínú ara obìnrin náà, bóyá kí á tún fún un tàbí kí á dúró. Àkókò tí à ń fi méfò yẹn, ẹ̀mí ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi míì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé olè ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹni kejì tí wọ́n tàn jẹ. Owó ìyá rẹ̀ ló san, ó sì gbà gbọ́ pé iṣẹ́ lòún ń kọ́. Ọdún méjì tó lò lọ́dọ̀ yín, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan kò ní kà á sí. Bó bá fẹ́ lọ síbòmíràn, ìwé yín kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún un àyàfi ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn míì tó ń ṣe bíi tiyín, owó táṣẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n á sì fún un. Kò ní Council tó máa gbèjà rẹ̀. Kò sí nínú ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ tí aláìsàn bá kú, tí àwọn ẹbí bá ya wọlé, tí ọlọ́pàá sì dé, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀, ẹni tó fún un láṣọ á sì ní òun kò rán an.

Èyí tó burú jù lójú mi ni pé orúkọ tí ẹ fún un ti dí i lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé akọ́ṣẹ́ lòún, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, lè sọ pé, “Mi ò mọ èyí, ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá.” Ẹni tí wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì kò lè sọ ọ́ lójú aláìsàn. Ojú á tì í. Á ṣe bí ẹni tó mọ̀, á sì gún un. Aláìsàn náà, nítorí pé nọ́ọ̀sì ló pè é, kò ní bi í ní ìbéèrè tí ì bá bi akọ́ṣẹ́. Ẹni méjèèjì ló yẹ kó fura, orúkọ kan ṣoṣo ló sì fi ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀.

Kì í ṣe auxiliary nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, àwọn CHEW, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò (Community Health Extension Worker), náà máa ń jẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí wọ́n ní orúkọ iyì tiwọn. Láyé ìgbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, iṣẹ́ wọn ni ètò ìlera abúlé wa dúró lé lórí. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n ní ìwé ìlànà tó sọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé aláìsàn lọ síwájú. Ẹni tó ń gba ilé dé ilé kiri fún ọmọ ní àjẹsára kò ní láti yá orúkọ ẹlòmíràn lò. Ti àwọn ṣọ́ọ̀bù oògùn tí ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti di dókítà, mo fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti kọ.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín. Ẹ ní nọ́ọ̀sì gidi kò sí. Ẹ ní èyí tí ẹ bá gbà lóṣù yìí, tó bá di oṣù kẹfà ó ti ń ṣe pásípọ́ọ̀tù, ó ti ń lọ sí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Kánádà tàbí Saudi. Òótọ́ ni. Ní 2023, WHO ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, tí kò sì yẹ kí àwọn olówó máa wá kó wọn lọ. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí mo bá ṣe kíláàsì kò sí nílùú mọ́. N kò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn láti rí nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó lọ náà ń bá pàdé. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Gẹ̀ẹ́sì láìtíì gba nọ́ńbà, healthcare assistant ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ aṣọ rẹ̀ yàtọ̀, orúkọ àti ipò rẹ̀ wà lára káàdì tó fi kọ́ àyà. Láti 2019 ni wọ́n tún ti ní nursing associate ní England, tó wà láàárín healthcare assistant àti nọ́ọ̀sì, tó ní ìwé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí Council wọn sì ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ níbẹ̀ náà, “registered nurse” nìkan ni òfin dáàbò bò. Ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní nurse lásán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba wọn kéde pé àwọn yóò ṣòfin tí yóò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìlú tó ń kó nọ́ọ̀sì wa lọ ló tún ń wá bí yóò ṣe ti ilẹ̀kùn orúkọ náà, àwa tí òfin wa ti wà láti 1979 ló ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju agbára yín lọ. Ẹ kò ní láti lé àwọn ọmọbìnrin yìí lọ. Wọ́n wúlò, iṣẹ́ wà fún wọn. Ẹ pè wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ́, olùrànlọ́wọ́ wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì kọ ọ́ sáyà wọn ní lẹ́tà gàdàgbà tí ìyá àgbà tó wá lè kà. Ẹ fún wọn ní aṣọ aláwọ̀ míì, kí ẹ fi funfun sílẹ̀ fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì. Wọ́n lè wẹ aláìsàn, kí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fún un lóúnjẹ, kí wọ́n tì í lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n fọ irinṣẹ́, kí wọ́n sì sáré wá pè yín. Abẹ́rẹ́, omi dírìpù, ẹ̀jẹ̀ tí à ń fà sára, ìgbẹ̀bí, ẹ gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ kò bá ní nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí kan ó kéré tán lórí ìyípo alẹ́, ẹ má gba aboyún sílẹ̀ lálẹ́ yẹn. Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀rọ̀ yìí máa gbà lọ́wọ́ yín, ó sì lè jẹ́ owó tó pọ̀. Ilé ìwòsàn méjì tó wà ní òpópónà kan náà lè jọ san owó nọ́ọ̀sì alẹ́ kan, tàbí kí wọ́n fẹnu kò pé ọ̀kan nínú wọn ni gbogbo ìrọbí òru á máa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa mọ èyí tó ṣeé ṣe ládùúgbò yín. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni ká máa bá a lọ báyìí.

Ẹ sì dẹ́kun títa fọ́ọ̀mù. Bí ọmọ kan bá wà lọ́dọ̀ yín tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó ní àánú, tí ìwé rẹ̀ sì pé kírẹ́díìtì márùn-ún, ẹ rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ bá a ṣe ìwé àdéhùn pé yóò padà wá ṣiṣẹ́ fún yín fún ọdún díẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọ ti máa ń ṣe irú èyí látijọ́, ọ̀pọ̀ mátírọ́ọ̀nù tó tọ́ wa dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ibẹ̀ ló ti wá. Ẹni tí ẹ bá rán lọ báyìí kì í tètè sá kúrò lọ́dọ̀ yín bí ẹni tí ẹ gbà láti ojú títì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ sétí àwọn tèmi níwájú yín, kí ó má dà bí ẹni pé ẹ̀yin nìkan ni mo rí. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà, pàápàá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń yá ilé ìwòsàn ní láísẹ́ǹsì. Ìwé wọn á wà nínú fáìlì fún àwọn tó ń bẹ ilé ìwòsàn wò, ẹsẹ̀ wọn kò ní tẹ wọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn míì ló ń kọ́ àwọn auxiliary náà gan-an, tí wọ́n ń gbà nínú owó fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe wà: bí ẹ bá ń pín orúkọ náà fún ẹni tí kò kọ́ ọ, ẹ má bínú sí àwọn dókítà mọ́. Ẹ lọ gba láísẹ́ǹsì yín kúrò nínú fáìlì wọn.

Ní Èkó, HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bẹ ilé ìwòsàn wò, máa ń ti ilé ìwòsàn pa nítorí òṣìṣẹ́ tí kò kúnjú ìwọ̀n. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí àdúgbò tí wọ́n ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa ṣì ní aláìsàn lọ́jọ́ kejì. Ì bá wù mí kó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún ilé ṣe kí wọ́n tó kan géètì. Ẹgbẹ́ yín lágbára, ìpàdé yín máa ń wáyé lóṣooṣù. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ohun tí ilé ìwòsàn ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe, kí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára ògiri níbi tí aláìsàn ti ń gba káàdì.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìpàdé. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ pe wọ́ọ̀dù yín. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ Council. Bí kò bá sí ẹni tó ní nọ́ńbà, tí obìnrin kan sì ń rọbí níbẹ̀, ẹ dìde kí ẹ lọ bá a, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e wá bá wa nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó o, pẹ̀lú ìwé tó sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kan ní Ìbàdàn